ÌṢIRÒ ILÉ: Ẹja Ike Tí Ọ̀dà Rẹ̀ Ti Ṣí

Ẹni tó bá ṣí ojú ewé yìí láti wá ọ̀rọ̀ owó-orí, kó ṣe sùúrù. A ó pàdé lórí ìyẹn kí oṣù kẹrin tó parí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ẹja ni a fẹ́ sọ. Kì í ṣe ẹja tútù, kì í ṣe ẹja gbígbẹ, ẹja ike ni, èyí tí àwọn apẹja ìlú yìí fi ń tan ẹja gidi. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá ẹgbẹ́ wa ló ti di apẹja, àwọn ìyá kan náà sì ti ń bá wọn lọ. Nígbà ooru wọn a lọ sí Chestermere tàbí Glenmore. Àwọn tí mọ́tò wọn lágbára a wakọ̀ lọ sí McGregor, tàbí Lake Newell lọ́nà Brooks. Tí yìnyín bá wá bo gbogbo rẹ̀, àpótí ìpẹja á wọ gáréèjì, ó di ọdún tó ń bọ̀. Inú àpótí yẹn ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: ẹja ike yìí gùn tó ìka ọwọ́ kan, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ ṣófo, wọ́n sì máa ń kó ọta irin wẹ́wẹ́ sínú àwọn kan kí wọ́n lè máa dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú omi. Ó ní ètè ike pẹlẹbẹ lẹ́nu; ètè yìí ló ń jẹ́ kó rì díẹ̀, kó sì máa fì sọ́tùn-ún sósì bí a bá ń fa okùn. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, méjì tàbí mẹ́ta, ló máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyókù ọ̀dà ni. Ọ̀dà ló sọ ike lásán di ẹja.

Nílé, ekòló ni. Ọmọ tó bá dàgbà létí omi ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní Ìlàjẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń wú u. Ekòló lẹ́nu ìwọ̀ fún ọmọdé, ìgèrè àti àwọ̀n fún àgbà. Bí ẹnì kan bá jókòó tó ń kun ike lọ́dà pé òun fẹ́ fi pẹja, àwọn ará ilé rẹ̀ á ti máa wo ara wọn lójú. Níbí, ọ̀ràn yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ odò tó ń ṣàn ní Alberta, àti ní apá tó pọ̀ nínú odò Bow tiwa yìí, òfin ka ìjẹ léèwọ̀: kò gbọdọ̀ sí ekòló, kò gbọdọ̀ sí ẹran. Ẹja ààyè kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ìjẹ níbikíbi ní ìpínlẹ̀ yìí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹja tó bá rí ìjẹ gidi máa ń gbé e mì wọ ikùn, tìwọ̀tìwọ̀. Tí a bá dá irú rẹ̀ padà sómi, kò ní pẹ́ kú. Ẹja ike kò ládùn, etí ẹnu ni ìwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń mú. Bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú ẹja tí a ń mú níbí, òfin ní ká dá wọn padà ni. Bull trout, tó jẹ́ ẹja àmì ìpínlẹ̀ Alberta, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú un relé láti ọdún 1995.

Lára àwọn tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹja ẹ̀tàn ni Lauri Rapala, apẹja ará Finland. Tálákà ni, ó sì ní ojú àkíyèsí. Ó rí i pé ẹja ńlá kì í fi ìyà jẹ ara rẹ̀ láti máa lé ẹja tó lera. Èyí tó ń fì ségesège bíi pé ó fara pa ni wọ́n máa ń kọlù. Ní 1936 ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ìdérí ìgò onígi, èyí tí à ń pè ní kọ́ọ̀kì, ó fi bébà dídán tí wọ́n fi ń wé ṣokoléètì bò ó lára, ó sì yọ́ fíìmù fọ́tò láti fi ṣe fáníìṣì. Igi ni wọ́n sábà fi ń ṣe irú ẹja bẹ́ẹ̀ kí ike tó gbòde. Rebel ní Fort Smith, Arkansas, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní ike líle, ní 1962. Ẹ̀gbẹ́ ilé wa níbí náà kò gbẹ́yìn. Ní Lacombe, láàárín Calgary àti Edmonton, ni ilé iṣẹ́ Len Thompson wà. Saskatchewan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1929, wọ́n sì kó wá sí Lacombe ní 1958. Irin ni tiwọn, ó dà bíi ṣíbí tí wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Èyí tó lókìkí jù ni yẹ́lò tó ní dáyámọ́ńdì pupa márùn-ún lára, bíi ti káàdì. Kò jọ ẹja kankan tí Ọlọ́run dá, ẹja sì ń gbé e láti ọjọ́ yìí.

Ìyẹn ló mú wa dé ìbéèrè tí ìyàwó apẹja kan bi wá lẹ́yìn ìpàdé: ṣé ẹja tilẹ̀ ń wo àwọ̀ ni? Ó ń wò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí àwa ṣe ń wò ó. Omi máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì ṣáájú àwọn àwọ̀ yòókù. Pupa tó ń tàn yòò lọ́wọ́ wa á ti ṣú bí ẹja ike bá rì jìnnà. Walleye ní ohun kan lẹ́yìn ojú tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, bíi ti ológbò, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ àti òru ni ó fẹ́ràn láti jẹun. Tiwa ni pé fífì ẹja ike náà ló ṣe pàtàkì jù, ibi tí a jù ú sí ló tẹ̀lé e, àwọ̀ ló ṣe ìkẹta. Èyí tó pọ̀ nínú àwọ̀ mèremère tí wọ́n gbé kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, àwa tí a ní owó lápò ni wọ́n kùn ún fún.

Kí ló dé tí ọ̀dà fi ń ṣí? Eyín pike ni àkọ́kọ́. Ẹja yẹn ní eyín bí ayùn. Òkúta ìsàlẹ̀ odò ni èkejì. Ìkẹta kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn: àwọn ekòló rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Tí a bá kó rọ́bà rírọ̀ yẹn pọ̀ mọ́ ẹja ike nínú àpótí kan, epo inú rọ́bà náà á máa jẹ ọ̀dà, á sì jẹ ike fúnra rẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn bí àkàrà tí kò jiná. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ lónìí.

Ó wá kan ìṣirò, torí iṣẹ́ wa nìyẹn. Ẹja ike kan tó dára, dọ́là 10 sí 20 ni. Ẹ jẹ́ ká mú 14. Ní ilé wa, 12 ni ọ̀dà ti ṣí lára wọn. Nínú ìwé ìṣirò, òdo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀: a ti lò ó tán, kò níye lórí mọ́. Ohun tí a rà nìyí: ọ̀dà olómi inú ìgò kékeré márùn-ún, dọ́là 15; sáńpépà, dọ́là 6; tépù oníbébà, dọ́là 4; epoxy, ìyẹn gọ́ọ̀mù ìgò méjì tí à ń pò pọ̀, dọ́là 18; òrùka irin wẹ́wẹ́ tó ń mú ìwọ̀ mọ́ ike, dọ́là 5. Àpapọ̀ dọ́là 48. Pín in sí ọ̀nà 12, dọ́là 4 ló kan ẹja kọ̀ọ̀kan. Tuntun 12 ì bá jẹ́ dọ́là 168. Ó jọ pé a ti jèrè dọ́là 120.

Ẹ dúró ná. Alẹ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà, wákàtí méjì-méjì. Tí a bá ka wákàtí kan sí dọ́là 15, wákàtí 6 jẹ́ dọ́là 90. Fi 48 kún un, ó di 138. Èrè ti di 30. Tí a bá wá san iye kan náà fún ọmọ tó jókòó tì wá tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wa, ó di dọ́là 228, a ti pàdánù dọ́là 60. Ẹni tó bá ní méjì tàbí mẹ́ta péré, kó yáa lọ ra tuntun, torí ohun èlò dọ́là 48 kò lè san ara rẹ̀ padà àyàfi tí ẹja ike bá pé mẹ́rin. Lóòótọ́ ọ̀dà á ṣẹ́kù di ọdún kejì. Síbẹ̀, bàbá tó bá sọ fún yín pé torí owó lòun fi ń ṣe é, ẹ wò ó dáadáa.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan sáńpépà, ẹ ya àwọn àtijọ́ sọ́tọ̀. Àwọn ará wa fẹ́ràn garage sale, a sì máa ń rí àpótí ìpẹja bàbá àgbà ẹnìkan ra ní dọ́là 5. Ìdí méjì ni kí ẹ má fi sáré kùn wọ́n. Èkíní, ọjà lè wà nínú rẹ̀. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kíkó ẹja ẹ̀tàn àtijọ́ jọ, bíi ti Heddon tó wá láti Dowagiac ní Michigan, ọ̀dà ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ń sanwó fún, bó ti wù kó ti ṣí tó. Ọjọ́ tí ẹ bá tún un kùn ni owó náà lọ. Èkejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjé máa ń wà nínú ọ̀dà àtijọ́. Ọdún 1976 ni Kánádà fi òfin dín òjé kù nínú ọ̀dà tí wọ́n ń lò nínú ilé, ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n kùn ṣáájú ìgbà náà ṣì wà káàkiri. Tí ẹ bá ha irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ, eruku rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń mí sínú. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì ní àmì tí ẹ ó tètè rí. Ẹja ẹ̀tàn tí ẹ kò bá mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ gbé e kọ́ sára ògiri, ó lẹ́wà níbẹ̀.

Ó wá kù bí a ṣe ń ṣe é. Àgbàlagbà ni kó yọ ìwọ̀ kúrò, kì í ṣe ọmọdé, kì í sì í ṣe níwájú ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹ fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu ṣóńṣó ṣí òrùka irin rẹ̀, ẹ kó gbogbo ìwọ̀ sínú agolo mílíìkì, ẹ dé e, kí ẹ sì kà wọ́n. Ìwọ̀ tó jábọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ ènìyàn ló máa kọ́kọ́ rí i. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọṣẹ abọ́ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ike náà, kó gbẹ, kí ẹ fi sáńpépà kíkúnná, 400 tàbí 600, ra á lára jẹ́jẹ́. Kò di dandan kí gbogbo ọ̀dà àtijọ́ kúrò. Ohun tí a ń wá ni kí ara rẹ̀ má dán mọ́, kí ọ̀dà tuntun lè rí ibi dì mú.

Ẹ gbọ́ o: ẹ má ṣe fi acetone nù ún. Omi tí àwọn obìnrin fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ léèékánná ni a ń wí. Púpọ̀ nínú rẹ̀, acetone ni. Ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹja yìí ni wọ́n ń pè ní ABS, acetone sì máa ń yọ́ ABS bí omi gbígbóná ṣe ń yọ́ ṣúgà. Ara rẹ̀ á kọ́kọ́ máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á wá wó. Òórùn rẹ̀ kò dára fún ọmọdé, iná sì ń tètè mú un.

Ẹ fi tépù oníbébà bo ètè ike tó mọ́ gaara, kí ọ̀dà má kàn án. Ọ̀dà funfun ni ìpìlẹ̀. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má kùn ún nípọn lẹ́ẹ̀kan. Láìsí funfun yìí, yẹ́lò yín á dà bí ìdọ̀tí. Ọ̀dà olómi tí àwọn ọmọ ń lò níléèwé ti tó, kò ní òórùn líle, ọṣẹ ló sì ń fọ̀ ọ́ kúrò lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ Calgary gbẹ, ìyẹn ràn wá lọ́wọ́: kó tó ìdajì wákàtí, ọwọ́ ti lè kàn án. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, kó yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, ṣùgbọ́n kó fi sí atẹ́gùn tútù.

Lẹ́yìn funfun, àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ló ń ṣáájú, dúdú ló ń gbẹ̀yìn. Ẹ wo ẹja èyíkéyìí lọ́jà, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú, ikùn rẹ̀ funfun. Ẹyẹ tó ń wò ó láti òkè kò ní tètè rí ẹ̀yìn tó ṣú lójú omi; ẹja ńlá tó ń wò ó láti ìsàlẹ̀ kò ní tètè rí ikùn funfun lójú ọ̀run. Ẹja kékeré tó pọ̀ ní adágún Alberta ni perch: ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ìlà dúdú bíi 6 sí 8 sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ bíi ilà ojú. Pike àti walleye ń jẹ ẹ́ gan-an. Èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn.

Fún ìpẹ́ ara rẹ̀, ẹ wá àpò alábala tí wọ́n fi ń ta àlùbọ́sà, èyí tó ní ihò bí àwọ̀n. Tí ihò rẹ̀ bá tóbi jù, nẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ léèsì àtijọ́ ló dára jù lọ (kí ẹ tọrọ o, ká má bàa gbọ́ pé ojú ewé yìí ló ba léèsì ìyàwó ẹnìkan jẹ́). Ẹ fà á le mọ́ ara ẹja náà, kí ẹ fi ohun tí à ń fi há aṣọ sórí okùn há a mọ́lẹ̀. Ẹ mú fóòmù kékeré, ẹ ti í bọ ọ̀dà tó ṣú, ẹ nu èyí tó pọ̀ kúrò lára bébà títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí ẹ máa fi tẹ ẹ̀yìn ẹja náà lórí nẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá ṣí nẹ́ẹ̀tì náà, ìpẹ́ ti jókòó. Ẹ̀yin ọmọ, apá yìí lẹ ó fẹ́ràn jù. Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ti orí ìṣó bọ ọ̀dà yẹ́lò, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó gbẹ. Ẹ wá fi orí ìṣó tó kéré jù ú ṣe dúdú inú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì ya ojú, á rí bí ojú ẹni tí kò sùn.

Àtúnkùn kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, wọ́n máa ń tún igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kùn kí wọ́n tó gbé e jó, ojú àtijọ́ á tún di ojú tuntun. Osùn, ẹfun àti aró ni wọ́n ń lò kí ọ̀dà òyìnbó tó dé, nígbà tó yá búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun náà wọ inú iṣẹ́ ọ̀hún. (Àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nínú ìwé ẹgbẹ́, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ọ̀dà la ń sọ.) Ẹ lè fi ìgò ọ̀dà kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ àwọ̀. Funfun, dúdú, pupa, àwọn mẹ́ta yìí ni òpó. Ohun tí ìyókù jọ la sábà fi ń pè wọ́n: àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ eérú. Ọmọ wa obìnrin béèrè ohun tí à ń pe chartreuse. Ìyá rẹ̀ ní àwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ọmọ náà kò rí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí, àfi èyí tó dì gbagidi nínú fíríìsà ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ṣáínà. A ṣì ń wá orúkọ mìíràn. Ẹni tó bá ní in, kó fi ránṣẹ́.

Ọmọ wa ọkùnrin ti dé ọjọ́ orí tí “fine” fi jẹ́ ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè. Iléèwé ńkọ́? Fine. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Fine. Lálẹ́ kejì tí a ń kun ẹja, ọ̀dà wà lọ́wọ́ gbogbo wa, kò sẹ́ni tó lè mú fóònù. Bó ṣe ń ya ìlà perch lọ, tí kò gbé ojú sókè, ló sọ pé àwọn kan ní kíláàsì ti ń fi orúkọ òun ṣe ẹlẹ́yà láti oṣù kẹsàn-án, pé òun ti ní kí tíṣà máa fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ òun nìkan pe òun. Bàbá wa tó ti lọ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, láti Ìjẹ̀bú, lórí tẹlifóònù. A kò pariwo. A ní kó sọ bó ṣe jẹ́, ó sọ ọ́ fún bíi wákàtí kan, Yorùbá díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Ìyá rẹ̀ lọ sí iléèwé náà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹja tó kùn lálẹ́ ọjọ́ náà ní orúkọ rẹ̀ lábẹ́ ikùn, lẹ́tà wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ pátá, pẹ̀lú àmì ohùn. A kò ní kó kọ ọ́.

Ó ku fáníìṣì, torí ọ̀dà olómi nìkan kò lè dúró níwájú eyín pike. Epoxy ló le jù: ìgò méjì, ìwọ̀n kan náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí, kí ẹ pò ó jẹ́jẹ́ kó má hó. Àgbàlagbà ni kó ṣe èyí, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, torí ó lè sọ awọ ara di eléèyún títí ayé. Tí ẹ bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì pa á fẹ́lẹ́, ẹ máa yí ẹja náà lọ́wọ́ títí tí kò fi ní lè ṣàn mọ́, bí ẹní ń yí súyà lórí iná. Ká má rí i, gbogbo rẹ̀ á kó sábẹ́ ikùn. Irú epoxy tó máa ń le ní ìdajì wákàtí sàn ju ti ìṣẹ́jú 5 lọ, torí ti ìṣẹ́jú 5 á ti le kí ọwọ́ yín tó dé ìrù. Fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra wọn, fáníìṣì olómi wà. Kò le tó bẹ́ẹ̀, ẹ pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọ̀dà inú agolo tí à ń fọ́n ńkọ́? Ó dán, ó sì yá, ṣùgbọ́n ilé wa nígbà òtútù dì pa. Ẹ̀rọ amúlégbóná wà nísàlẹ̀ ilé, iná ń jó nínú rẹ̀, èéfín agolo yẹn sì ń gbaná. Ẹ má fọ́n ọn nísàlẹ̀ ilé láéláé. Ní gáréèjì tí òtútù ti wọ ìsàlẹ̀ òdo, ọ̀dà kò ní gbẹ dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ ìwọ̀n ooru 10 ó kéré tán. Ẹ dúró de ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ chinook bá fẹ́, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì gbayawu, kí àwọn ọmọ wà nínú ilé. Tàbí kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe é bíi tiwa.

Ẹ fún fáníìṣì ní ọjọ́ kan tàbí méjì kó le. Lẹ́yìn náà, ẹ dá ìwọ̀ padà, kí ẹ pọn omi kún ọpọ́n ìwẹ̀, kí ẹ jù ú sínú rẹ̀. Ìwúwo ìwọ̀ wà lára ohun tó ń mú ẹja náà dúró ṣánṣán; ẹ má dán an wò láìsí ìwọ̀. Tó bá dẹ̀gbẹ́, ọ̀dà pọ̀ jù lápá kan. Tó bá jẹ́ èyí tó ń léfòó tẹ́lẹ̀ ló wá ń rì, fáníìṣì ti pọ̀ jù, kí ẹ fi sáńpépà dín in kù.

Ó ku odò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò nílò ìwé àṣẹ ìpẹja ní Alberta, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà tó ń gbé ìpínlẹ̀ yìí tí wọ́n ti pé 65. Àwa tó kù ń rà á lọ́dọọdún, àfi ní òpin ọ̀sẹ̀ Family Day ní oṣù kejì àti òpin ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù keje, tí ìjọba máa ń fi ọwọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ìdílé. Ọ̀rọ̀ Banff yàtọ̀, ìwé àṣẹ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹ ka ìwé òfin ọdún náà kí ẹ tó lọ, torí adágún kan sí òmíràn ni òfin ń yàtọ̀.

Tí ẹ bá ń fa ẹja tí ẹ tún kùn náà nínú omi tó sì ń yà sósì, ẹ fi ẹ̀mú tẹ òrùka irin tó wà nímú rẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ báyìí ni. Tó bá ń yà sọ́tùn-ún, ẹ tẹ̀ ẹ́ sósì. Kí ẹ tún un jù.